Ta Ni Yóò Máa Gbé E Rù Mí?

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ kẹ́yìn kí n tó kúrò ní Kétu kì í ṣe àdúrà. A ti gbàdúrà tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá olùṣọ́ àgùntàn sì ti fi òróró sí mi níwájú orí. Àdúrà yẹn gbà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé báàgì mi tí mo ní, "Ìyá, mo ń lọ nìyẹn," wọn ò wò mí lójú. Agbọ̀n ìkòkò tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní:

"Ta ni yóò máa gbé e rù mí?"

Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Láti kékeré mi ni mo ti ń bá wọn gbé ẹrù lọ́jọ́ ọjà. Agbọ̀n ìkòkò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé dé orí ara rẹ̀. Bí o bá fi agídí gbé e, yóò dojú dé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á sì fọ́ yángá lójú rẹ. Ẹnì kan ní láti dúró níwájú rẹ, kí ẹ jọ di etí agbọ̀n mú, kí ẹ jọ gbé e sókè, kí ẹlẹ́rù wá rọra ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ títí òṣùká á fi gbà á. Bí ẹrù náà bá ti jókòó, ìyá mi á mí èémí kékeré kan, "hùn ún," bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní nǹkan tó sì gbà. Èémí yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé mo lè jọ̀wọ́ agbọ̀n.

Èmi nìkan ni ọmọ tó kù sílé nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ìbéèrè wọn kì í ṣe àwàdà. Ike ti gba ọjà lọ́wọ́ ìkòkò amọ̀, iṣẹ́ ni mo sì ń wá lọ, àwa méjèèjì la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mi ò rí èsì fọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo lọ.

Àwọn kan á ní láti Kétu tiwa ní ilẹ̀ Benin dé Agége ní Èkó, ṣé ìyẹn náà ni òkèèrè? Òkèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi òkun. Ibi tí o bá ti sọ orúkọ bàbá rẹ tí kò sẹ́ni tó mì orí, òkèèrè ti dé nìyẹn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé. Yorùbá kíkà àti kíkọ, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti rí i gbà, lọ́wọ́ bàbá kan tó ń fi èédú kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì fún wa. Mo rò pé Yorùbá mi á tó mi lò ní Èkó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní Agége, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, orúkọ mi ti di Kùtọnù, èmi tí n kò tíì dé Kùtọnù rí láyé mi.

*

Àǹtí Fẹ́lì, ìbátan bàbá mi, ni mo dé sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti pẹ́ nídìí búrẹ́dì títà ní Agége. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, Ọlọ́run kò ní gbàgbé wọn. Ní òwúrọ̀ kejì tí mo dé, wọ́n gbé àtẹ búrẹ́dì rù mí níwájú ilé búrẹ́dì, wọ́n ní kí n máa gba ọ̀nà ojú irin lọ.

Búrẹ́dì gbígbóná wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Nígbà tí mo dé ẹ̀bá ojú irin, ọrùn mi ti ń gbọ̀n. Obìnrin kan pè mí, ó bá mi sọ àtẹ náà kalẹ̀ kó lè yan èyí tó wù ú, ó sanwó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo dúró ti àtẹ mi.

Nílé, mi ò bá má dúró pẹ́. Nílé wa, bí o bá dúró ti ẹrù tó wà nílẹ̀, o ò tíì ní la ẹnu tí ẹni tó ń kọjá á ti gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. Ẹni tó ń bá bàbá rẹ ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ pàápàá á gbé e rù ọ́, á sì máa bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ. A kì í pe ìyẹn ní oore. Bí ènìyàn ṣe ń dáhùn ìkíni ni.

Ní Agége, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí omi ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù." Obìnrin kan yára fọwọ́ di báàgì rẹ̀ mú. Mo tún un sọ. Ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì lókè ibẹ̀ kígbe:

"Kùtọnù! Ṣé ojú irin ni wọ́n ń dúró sí ta búrẹ́dì nílùú yín? Kúrò ńbẹ̀ jàre, kí rélùwéè má lọ fi ẹ́ jẹ búrẹ́dì!"

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹkún ló jáde.

Ọkùnrin tírín kan ló dúró. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ìka rẹ̀ kún fún àpá iná wẹ́wẹ́. Kò béèrè ohunkóhun. Ó kàn gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó di etí àtẹ mú, ó ní, "Ó yá." A jọ gbé e. Nígbà tó jókòó sórí òṣùká, mo gbọ́ èémí ìyá mi lẹ́nu ara mi: "Hùn ún."

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu, sà."

"Èmi, Èkìtì ni. Má sunkún mọ́. Àwọn èèyàn yìí ò burú. Wọn ò kàn rí ẹ ni."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo rí ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí Àǹtí Fẹ́lì mú mi lọ. Ó wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà, ó ń tan àbẹ́là níwájú pẹpẹ. Brọ̀dá Tìmótì ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn, n kò sì tíì dúpẹ́ náà tán.

*

Nígbà yẹn, abẹ́ agboorùn ni wọ́n ti ń ta ìpè fóònù. Mo máa ń pe ilé olùṣọ́ àgùntàn wa ní Kétu, wọ́n á rán ọmọ lọ pe ìyá mi, èmi á tún pe padà. Ìyá mi kì í béèrè bóyá mo jẹun. Bí a bá ti kíra tán, ìbéèrè kan náà ni.

"Ta ló ń gbé e rù ọ́?"

"Èèyàn pọ̀, Ìyá."

"Wọ́n ṣèèyàn?"

"Wọ́n ṣèèyàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń gbé e rù yín?"

"Ọlọ́run ni."

Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run wà. Mo tún mọ̀ pé kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí agbọ̀n mú. Ènìyàn ló máa ń rán. Ẹni tó sì ti ń rán sí ìyá mi tẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ agboorùn ní Agége, ó di fóònù ẹlòmíràn mú.

Ó máa ń rẹ̀ mí lẹ́yìn ìpè bẹ́ẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe ń rẹ̀ mí lọ. Ẹni tó wà nílùú onílùú kì í sinmi tán. Bí ó bá jókòó, etí rẹ̀ á máa gbọ́ bóun ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, á wò yíká bóyá ibi ẹ̀rín náà nìyẹn. Mo kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ bí ará Èkó, mo sì kọ́ ọ dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé, "Ta nìyẹn?" Ní Agége mo jẹ́ Kùtọnù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé lọ́dún Kérésì, àwọn ọmọdé àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé mi, wọ́n ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Mo dáhùn àwọn orúkọ méjèèjì. Kí ni kí n ṣe?

*

Ọrùn mi kò gba iṣẹ́ búrẹ́dì títí. Nígbà tí Brọ̀dá Tìmótì gbọ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Computer Village ní Ìkẹjà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ẹni gíga kò lè nàró nínú rẹ̀. Géèmù ọwọ́ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, irú èyí tí ènìyàn máa ń di mú lọ́wọ́ méjèèjì tí bíríìkì á máa já bọ́ láti òkè. Wọ́n ń ra àwọn tó ti bàjẹ́ lápò-lápò lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé, wọ́n á tú wọn, wọ́n á fi òkú mẹ́ta ṣe alààyè kan. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà. Ọmọ amọ̀kòkò ni mí, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, ó sì mọ́ mi lára kíákíá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, a jókòó, a ń fi páálí fẹ́ra. Brọ̀dá Tìmótì ju géèmù kan sórí tábìlì.

"Bíríìkì ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ta ló ń kọ́ ilé náà gan-an?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Mo lè kọ tèmi sínú ẹ̀. Mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí màá fi sínú ẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ọmọ Kétu, kí ni ìwọ máa fẹ́ fi ṣeré?"

"Èmi? N kì í ṣeré, Brọ̀dá."

"Sọ nǹkan kan ṣá."

"Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì lójú irin."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ń kiri, rélùwéè ń bọ̀, ó ń sá. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

"Kíkiri ò ṣòro. Sísá náà ò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó sá, ta ni yóò gbé e rù ú padà?"

Wọ́n wò mí. "Ẹni tó ń ṣeré á wá máa dúró de ẹni tó máa gbé e?"

"Á máa dúró."

"Ta ló máa fowó ẹ̀ ra ìdúró? Ọ̀fẹ́ ni ìdúró ní Agége!"

Ṣùgbọ́n wọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Nígbà tí iná dé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Iṣẹ́ náà gbà wá ní gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn. Wọ́n ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan, èmi sì ń ya àwọn àwòrán. Ojú géèmù náà kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, àmì dúdú kéékèèké ni gbogbo àwòrán tó bá wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn rọrùn fún mi. Bí ìyá mi ṣe ń fi ṣùkù àgbàdo tẹ àmì sára ìkòkò tútù ni mo ṣe é. Mo ya ọmọbìnrin náà, mo ya àtẹ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ya obìnrin kan sí ẹ̀bá ojú irin, ó tẹ̀ díẹ̀ níbàdí, agbọ̀n ìkòkò wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Ìyá kan ni."

Brọ̀dá Tìmótì wo ojú mi, wọn ò sì béèrè mọ́.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ọmọ náà ń gbé búrẹ́dì gba ọjà ojú irin kọjá. Bí rélùwéè bá fọn fèrè, ó ní láti sọ àtẹ kalẹ̀ síbi tó dára, kó sá. Bí rélùwéè bá kọjá, ó ní láti padà sídìí àtẹ rẹ̀, kó dúró de ẹni tó máa gbé e rù ú. Ẹni náà á wá bí ọmọ náà bá ti kọ́kọ́ dúró gbé agbọ̀n ru ìyá ẹ̀bá ojú irin. Bí ó bá ti kọjá lára ìyá náà láìdúró, kò sẹ́ni tó máa wá. Àwọn èèyàn á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, búrẹ́dì á sì máa tutù. Nígbàkigbà tí ẹrù bá jókòó sórí ẹnikẹ́ni nínú eré náà, géèmù á dún, ohùn kékeré kan, "hùn ún." Brọ̀dá Tìmótì jìyà kí wọ́n tó rí ohùn yẹn mú. Mo ń mí in létí wọn, wọ́n ń wá a nínú ẹ̀rọ. "Tún un ṣe," ni wọ́n máa ń wí, èmi á sì tún un ṣe, omi á máa bọ́ lójú mi, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

*Gbé E Rù Mí* ni a pè é. A tà á, wọ́n rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

"Ọ̀gá, géèmù yín ti kú o."

Ọkùnrin onítáyà kan láti Abúlé Ẹ̀gbá nìyẹn, inú ń bí i.

"Kò kú," ni Brọ̀dá Tìmótì wí.

"Ó kú! Ọmọ yín dúró ti búrẹ́dì láti àárọ̀. Ó ń wò mí, mò ń wò ó. Ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni!"

"Ìyá tó wà lẹ́bàá ojú irin ńkọ́? Ṣé ẹ gbé e rù wọ́n?"

"Ìyá wo?"

Brọ̀dá Tìmótì nàka sí i. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ìyá lèyí? Mo ṣe bí òpó iná ni!"

Ìgbà yẹn la tó rí àṣìṣe wa. A kò kọ ọ́ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a fi í pamọ́. Ọmọ Èkìtì àti ọmọ Kétu ló jókòó ṣe géèmù náà, kò sì sí èyí tó wá sí i lọ́kàn nínú wa pé a ní láti sọ fún ènìyàn kó gbé ẹrù ru ẹni tó dúró ti ẹrù. Ta ló ń kọ́ ènìyàn pé kó dáhùn ìkíni?

Mo ní kí a lẹ ìwé kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, kí a ṣàlàyé. Brọ̀dá Tìmótì kọ̀. "Jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn." Onítáyà náà gbé géèmù rẹ̀ lọ, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tàn láti ẹnu dé ẹnu. Àwọn tó ti rí i kì í ṣàlàyé fún àwọn tí kò tíì rí i, wọ́n kàn máa ń sọ pé, "Padà lọ bá ìyá yẹn." Àwọn ọmọṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń fi í ṣeré lọ́wọ́ ọ̀sán. Àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì ń ṣe é bí wọ́n bá ń dúró de ààrò. Èyí tí a ṣe kò pọ̀, nítorí òkú géèmù tí a ń rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni yóò ti bọ́ sí òmíràn.

Lọ́jọ́ kan mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Agége. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ méjì ń bú ara wọn nítorí pé ọ̀kan kọ̀ láti yá èkejì ní sípánà. Èkejì wá kígbe pé, "Ìwọ yìí, o ò gbé e ru ìyá!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ni sípánà náà sì fà á yọ. Wọn ò mọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn wọn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì rìn délé bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ. Ìyá mi ni wọ́n ń sọ. Ní Agége, níbi tí n kò ti ní bàbá, ìyá mi ti di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Mo ní iṣẹ́ oníná ni mò ń ṣe. Nílé wa, eré jẹ́ ti ọmọdé, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má rò pé mo fi ìnira wọn ṣe ẹ̀fẹ̀.

*

Fóònù ló pa géèmù ọwọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Brọ̀dá Tìmótì náà bọ́ sídìí fóònù títún ṣe, èmi náà bá wọn bọ́ síbẹ̀. Ọlọ́run fún mi ní ọkọ rere, ó fún mi ní ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá Èkó láìrò ó. Ojú Brọ̀dá Tìmótì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nítorí èéfín ọdún gbọọrọ. Síbẹ̀, ẹnì kan á máa yọjú sí abẹ́ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣe géèmù ìyá oníkòkò?" Àwọn tó ń wá a kò jọra wọn. Wọ́n á gbé òkú rẹ̀ wá nínú ọ̀rá, wọ́n á bẹ̀ wá kí a jí i.

Báyìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé ṣe wá láìpẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣe eré sínú fóònù. Bàbá rẹ̀ ti ra géèmù náà fún un ní kékeré, ó sì ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àfi kí àwọn gbé e padà wá sáyé. Ó kúnlẹ̀ kí wa lórí ilẹ̀ tó kún fún wáyà. Brọ̀dá Tìmótì fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé inú wọn dùn kọjá sísọ.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn, ó fi hàn wá lórí fóònù. Ó lẹ́wà. Rélùwéè náà ń tú èéfín, búrẹ́dì pupa bí oyin.

"Nǹkan kan ló kù, Mà," ni Ṣadé wí. "Ẹ má bínú sí mi o. A fún àwọn èèyàn kí wọ́n ṣe é wò. Bí wọ́n bá ti dé ibi ìdúró yẹn, wọ́n á pa á, wọn ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá mi fẹ́ kí ọmọ náà máa dá a gbé. Bọ́tìnì kan, ẹrù ti dé orí."

"Ìyá ẹ̀bá ojú irin ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "A ò ní nílò wọn mọ́, Mà."

Brọ̀dá Tìmótì di èjìká mi mú títí a fi dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ Kétu, àwọn géèmù tí a kó sínú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, òkú ni wọ́n. Ojú mi ń lọ. Mo fẹ́ rí eré wa láàyè kí ojú yìí tó lọ tán. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ya ìyá yẹn. Bí o bá fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Bí o bá kọ̀, mo kọ̀."

Mo gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo bẹ Ọlọ́run kó sọ̀rọ̀, Ọlọ́run dákẹ́. Bí mo bá gbà, iṣẹ́ ọwọ́ Brọ̀dá Tìmótì á jíǹde lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á mú ìyá mi kúrò lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo bá kọ̀, ìyá mi á wà níbi tó wà, nínú òkùnkùn àpótí, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ wa. Ẹni tó ti gbé e rù mí nígbà tí kò sẹ́ni tó rí mi ló ń bẹ̀ mí, kò sì bẹ̀ mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo kọ̀. Mo sọ fún Ṣadé pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà wà níbi tó wà, kí wọ́n ṣe ìyókù bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò lè ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

"Ó dáa," ni Brọ̀dá Tìmótì wí nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n mú irin gbígbóná wọn, wọ́n ń wá ẹnu wáyà tí wọn ò rí. "Ó dáa" yẹn rẹ̀ mí ju ìjà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá nítorí géèmù ni mo ṣe kọ̀, tàbí nítorí pé mi ò tíì rí èsì fọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fi Kétu sílẹ̀.

*

Nígbà ìkórè ọdún yìí, mo lọ kí ìyá mi. Brọ̀dá Tìmótì fi bátìrì tuntun sínú ọ̀kan nínú géèmù tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n tì í bọ̀ mí lọ́wọ́. "Lọ fi hàn wọ́n," ni wọ́n wí. Mi ò tíì sọ fún wọn rí ta ni ìyá náà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi kì í mọ ìkòkò mọ́. Wọ́n jókòó lójúde, oòrùn àárọ̀ ń ta sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo fi géèmù náà sí wọn lọ́wọ́.

"Kí nìyí?"

"Iṣẹ́ mi ni, Ìyá. Eré ni."

"Eré? Gbogbo ọdún tí o ti lọ, eré lo lọ ń ṣe?"

Ojú wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọmọ oníbúrẹ́dì hàn wọ́n, mo fi rélùwéè hàn wọ́n. Wọn ò wo èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta lẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí?"

Mo fi ìka nu ojú géèmù náà kí wọ́n lè rí i dáadáa.

"Ó ní ìkòkò," ni wọ́n wí. Wọ́n tún wò ó. "Ó fẹ́ kí wọ́n gbé e ru òun. Kí ló dé tí wọ́n fi í sílẹ̀ lóòró?"

"Ẹ tẹ ibí yìí, Ìyá."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀, agbọ̀n gòkè. "Hùn ún," ni géèmù wí. Ọwọ́ ìyá mi lọ sí ọrùn ara wọn, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Adìẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa.

"Ta ló máa ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́, Ìyá. Onítáyà, oníbúrẹ́dì, ọmọ iléèwé."

"Ní Èkó?"

"Ní Èkó."

"Ṣé gbogbo wọn ló ń gbé e?"

"Bí wọn ò bá gbé e, wọn ò lè lọ."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún ọ pé Ọlọ́run ni, àwọn ará Agége ló ń gbé e rù mí."

"Ọlọ́run náà ni, Ìyá."

"Mo mọ̀. Èèyàn ló ń rán." Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún gbọ́ èémí ara wọn. Wọn ò jẹ́ kí ọmọ náà rìn dé ìdí búrẹ́dì rẹ̀ rárá. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ eré náà lákọ̀tun, wọ́n á gbé e ru ìyá náà, wọ́n á dúró. "Nígbà tí o bá padà," ni wọ́n wí, láìgbé ojú sókè, "bá mi kí wọn."

Mo fi géèmù náà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé Ìkẹjà, mo ròyìn fún Brọ̀dá Tìmótì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn nu. Wọ́n ní, "Ó dáa." Èyí kò rẹ̀ mí.

Mi ò mọ ibi tí gbogbo yín wà. Àwọn kan nínú yín ti lọ sí òkèèrè tiyín, àwọn kan ti sọ géèmù náà nù láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti di í mú rí, tí rélùwéè ń bọ̀, tí búrẹ́dì ń tutù, tí ẹ sì padà sẹ́yìn lọ bá obìnrin oníkòkò yẹn: ìyá mi ní kí n kí yín.